Ìwé Kékeré, Iná Ńlá: Àwáwí Àwọn Tí Ń Ta Rísílà ní Etí Òkun Ìlàjẹ

 

Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté Igbókòdá nígbà tí àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ yóò rí ohun gbogbo tí àwọn ará orí omi nílò: ìrẹsì, gàárì, ọṣẹ, àbẹ́là, okùn àwọ̀n, ìwọ̀, àti epo bẹntiróòlù fún ẹ́ńjìnnì. Láàrin páálí bísíkíìtì àti páálí ìṣáná, páálí kékeré kan a máa wà níbẹ̀ tí kì í gba ààyè, tí kì í wúwo, tí kì í sì í tètè bàjẹ́. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé tábà àti igbó ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní rísílà. Ọkọ̀ a gbé e dé Ugbónlá, a gbé e dé Ayétòrò, a gbé e dé Awóyè, níbi tí ilé-ìwé ti jìnnà, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá bi ẹni tí ó ń tà á léèrè, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju gbólóhùn méjì lọ: «Ìwé lásán ni. Èmi kì í ta igbó.» Àwọn mìíràn nínú àwọn tí ń wí bẹ́ẹ̀ ń kírun ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, wọ́n ń gba ààwẹ̀, wọ́n sì ń kó owó lọ sí mọ́sáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, nítorí pé àwáwí wọn kò dúró níwájú ìtàn, kò dúró níwájú òfin, kò sì dúró níwájú ẹ̀sìn.

Kí ni ìwé yìí gan-an?

Ìtàn ìwé náà kò pamọ́. Orúkọ tí ayé fi ń pè é wá láti ọ̀dọ̀ ìdílé Lacroix ní ilẹ̀ Faransé. «Riz» ni àwọn Faransé ń pe ìrẹsì. Lacroix, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àgbélébùú, ni orúkọ ẹbí náà. Wọ́n wá ya àmì àgbélébùú sí ìparí rẹ̀, ó di Rizla+. Orúkọ ẹbí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ní ọdún 1997, ilé iṣẹ́ sìgá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Imperial Tobacco ra Rizla. Kí ẹni tí ó ní ìwé lásán ni òun ń tà dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí ó fi jẹ́ ilé iṣẹ́ sìgá ni ó ra ilé iṣẹ́ ìwé náà, tí kì í ṣe àwọn tí ń tẹ ìwé ìkàwé?

Ọ̀gbọ̀, hẹ́ǹpù, ìrẹsì tàbí igi lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìwé náà. Wọ́n a máa fi ẹfun sí i kí ó lè jó ní ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Etí rẹ̀ kan ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi itọ́ ẹnu pa kí ó lè lẹ̀. Oje igi akéṣíà, irú èyí tí wọ́n ń gbà ní Bọ̀rnó, Yòbè àti Jìgáwá, ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Gígùn èyí tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 70, kò sì fẹ̀ ju ìka méjì papọ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, oníṣirò kò lè kọ gbèsè sí i, alákàrà kò lè fi di àkàrà. Láti inú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti gé e ni wọ́n ti mọ ibi tí ó ń lọ: àárín ìka méjì, ètè méjì, àti iná.

Ìwé yìí ni ìyá sìgá. Kí James Bonsack tó gba ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ tí ń wé sìgá ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1881, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wé èyí tí ó pọ̀ jù nínú sìgá láyé. Nígbà tí àwọn Òyìnbó British American Tobacco dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1933 àti ní Ìbàdàn ní ọdún 1937, ìwé kan náà ni ẹ̀rọ wọn ń wé. Ẹni tí ó ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára sìgá dà bí ẹni tí ó ya ọfà sọ́tọ̀ kúrò lára ọrun.

Tákàdá ìmọ̀ àti tákàdá èéfín

Ó yẹ kí ojú ti mùsùlùmí ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ìwé ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta tó jáde ní ọdún 1859, tákàdá àti tàdáwà ti wà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà ní Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ náà, tákàdá, láti ilẹ̀ Haúsá ni ó ti bá àwọn oníkéú wọ èdè Yorùbá. Àwọn àgbà ń fi aṣọ wé ewé ìwé wọn kí omi má bàa kàn án. Bí òjò bá ń rọ̀, àlùfáà a fi ara rẹ̀ gba òjò, a sì fi tákàdá sí abẹ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Lónìí, ọmọ ọmọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà nídìí káńtà, ó ń ta tákàdá tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, tí ẹni tí ó rà á yóò fi itọ́ pa, tí yóò fi iná sí, tí yóò sì fà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wé

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dọ́gbọ́n sọ pé tábà ni àwọn ọmọ ń wé. Tábà lílọ̀ tí wọ́n ń wé kì í sí lórí àtẹ tí wọ́n ti ń ta rísílà ní etí omi. Àwọn baba ńlá ará Ìlàjẹ tí ó lo tábà, ìkòkò ni wọ́n fi fà á, tàbí kí wọ́n fín in bí aáṣáà. Ẹni tí ó fẹ́ sìgá ń ra sìgá tí wọ́n ti wé tán. Nígbà náà, kí ni ẹni tí ó ra ìwé láìra tábà fẹ́ wé sínú rẹ̀? Olùtajà mọ̀. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá ń nà án sí i.

Àwọn ìlú Ìlàjẹ wà nínú ìpínlẹ̀ tí igbó ti ń hù nínú aginjù, tí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA sì ń dáná sun oko rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìwádìí tí àjọ àgbáyé UNODC àti àjọ oníṣirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe lórí ọdún 2018 fi hàn pé àwọn ènìyàn mílíọ̀nù 10.6 ni ó lo igbó láàrin ọdún kan, nínú àwọn mílíọ̀nù 14.3 tí ó lo òògùn olóró lápapọ̀. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá, ni ó gba ipò kìíní: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 64 ni ó lo òògùn olóró lọ́dún náà.

Àwọn kan a máa dáhùn pé gómìnà ìpínlẹ̀ Òǹdó ìgbà kan, Rotimi Akeredolu, lọ sí ilẹ̀ Thailand ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 láti wo bí wọ́n ṣe ń fi igbó ṣe òògùn, ó sì sọ pé yóò mú owó wọlé. Òótọ́ ni pé ó lọ. Ṣùgbọ́n òògùn tí dókítà wọ̀n, tí ilé iṣẹ́ pò, tí òfin ṣọ́, kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wé sínú rísílà ní ẹ̀yìn ilé ẹja. Gómìnà náà ti di olóògbé ní oṣù kejìlá ọdún 2023, òfin tí ó kọ igbó ní Nàìjíríà kò sì yẹ̀.

Òfin ti rí i tipẹ́

Ní ọdún 1908, òfin àwọn ọmọdé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ta sìgá tàbí ìwé tí wọ́n fi ń wé sìgá fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16. Òfin ọdún 1933 tún un sọ, ní ọdún 2007 wọ́n sì gbé ọjọ́ orí náà dé 18. Lọ́dún 2007 yìí kan náà, òfin tábà ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà ka ìwé ìwésìgá mọ́ tábà fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe òfin wọ̀nyí kì í ṣe àlùfáà, wọn kò sì ka fíkì. Làákàyè lásán ni ó sọ fún wọn pé ẹni tí ó fún ọmọdé ní ìwé náà ti fún un ní sìgá.

Ní Nàìjíríà, òfin tábà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọdún 2015 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ta tábà fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18. Ó tún kọ títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí owó kékeré má bàa ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọdé. Rísílà ni ó ń gba ẹ̀yìn wọlé sí ọgbà tí òfin yìí ṣe: ìwé kan àti ewé díẹ̀, ọwọ́ ọmọdé ti di ilé iṣẹ́ sìgá.

Ìdájọ́ ẹ̀sìn

Òótọ́ kò gbọdọ̀ pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Nígbà tí tábà dé ilẹ̀ àwọn mùsùlùmí ní nǹkan bí ọdún 1600, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Ahmad Bābā ti Timbuktu, ẹni tí ó kú ní ọdún 1627, kọ̀wé pé kì í ṣe hàrámù. Alī al-Ujhūrī, Māliki ilẹ̀ Íjíbítì, wà lẹ́yìn irú èrò bẹ́ẹ̀. Ibrāhīm al-Laqānī, Māliki ilẹ̀ Íjíbítì bíi tirẹ̀, kọ̀wé pé hàrámù ni. Sọ́tánì Murad Kẹrin fòfin dè é ní ilẹ̀ Túrkì ní ọdún 1633. Àwọn tí ó gbà á láàyè, wọ́n gbà á nítorí pé ewu rẹ̀ kò tí ì hàn sí wọn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1950 tí Richard Doll àti Bradford Hill ti gbé ìwádìí wọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n so sìgá pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ewu náà ti hàn. Àjọ ìlera àgbáyé ní tábà ń pa ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ Ahmad Bābā gbèjà sìgá lónìí, kò ka Ahmad Bābā dáadáa: ohun tí ó kọ rọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Ní ti igbó, kò sí àríyànjiyàn tí ẹnikẹ́ni lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Ibn Taymiyyah kà á mọ́ ọtí. Al-Qarāfī, Māliki ńlá, ní irú ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe sí làákàyè yàtọ̀ sí ti ọtí, síbẹ̀ hàrámù ni ó pè é. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ibi kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹni tí kò fa igbó, tí ó kàn ta ìwé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti gbé irú ẹjọ́ yìí yẹ̀ wò nígbà tí rísílà kò tí ì sí láyé: ǹjẹ́ ó tọ́ láti ta èso àjàrà fún ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ọtí ni yóò fi pọn? Àwọn onímọ̀ Māliki, tí mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, kọ̀ ọ́, nítorí pé wọ́n gbà pé ọ̀nà tí ó lọ sí ibi burúkú ni kí wọ́n dí. Abū Hanīfah fi ààyè sílẹ̀, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú omi èso náà fúnra rẹ̀. Bí olùtajà bá fẹ́ sá sí ọ̀dọ̀ Abū Hanīfah, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń jẹ èso àjàrà, wọ́n ń mu omi rẹ̀, wọ́n ń sá a gbẹ fún ọjọ́ iwájú. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé iṣu, wọ́n ń fi la inú ẹja. Rísílà kò ní iṣẹ́ kejì. Ààyè tí Abū Hanīfah fi sílẹ̀ kò gba ohun tí kò ní ìlò rere kankan.

Bẹ́ẹ̀ sì ni hadīth tí Tirmidhī gbà wá nípa ọtí ka ènìyàn mẹ́wàá mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹni tí ó rù ú àti ẹni tí ó tà á wà nínú wọn, bí wọn kò tilẹ̀ fi kán ẹnu. Kí ọlọ́kọ̀ ojú omi tí ó gbé páálí náà, tí ó sì gba owó ẹrù lórí rẹ̀, ro ipò rẹ̀ wò.

Àwáwí mẹ́ta

Èkínní: wọ́n ní òtútù òkun ni ó ń mú apẹja fà á. Irọ́ ni èéfín náà ń pa fún un. Èròjà tábà tí ń jẹ́ nikotíìnì a máa fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí ìka náà yóò fi tutù sí i. Igbó ní tirẹ̀ a máa fa ọwọ́ àti ojú sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òkun kì í dúró de ẹni tí ojú rẹ̀ pẹ́ rí ìgbì. Aṣọ tí ó nípọn àti ẹ̀kọ gbígbóná ni baba àwọn apẹja fi borí òtútù náà kí rísílà tó dé.

Ìṣáná ni ẹlẹ́gbẹ́ ìwé náà. Kì í dá rìn. Inú ọkọ̀ tí jálá bẹntiróòlù wà ni wọ́n ti ń ṣá a. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń wọ́ sí, ojú kì í sì í rí i. Pákó ni ilé orí omi, òpó ni ó dúró lé, ilé kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan èkejì. Bí iná bá mú ọ̀kan, àwọn tí kò fa nǹkan kan rí ni yóò bẹ́ sódò pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Èkejì: wọ́n ní, «Bí èmi kò bá tà á, ẹlòmíràn yóò tà á.» Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ibi tí yóò wúlò lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Kálukú ni yóò dá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí àyè ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹlòmíràn sí.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìyà ni ó pọ̀. Òkun ti gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀dó ní ọdún 1947. Wọ́n ń wa epo rọ̀bì nínú omi Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n òṣì kò kúrò ní etí omi náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ sí orí pèpéle epo Parabe ti Chevron láti béèrè ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn ológun yìnbọn, ẹni méjì sì kú nínú wọn. Ẹni tí ó bá ní ìyà kò jẹ etí òkun, òpùrọ́ ni. Ṣùgbọ́n èéfín kò dá ìgbì òkun dúró rí. Ọmọ tí yóò ṣe ẹnjiníà tí yóò mọ odi sí òkun, ọmọ tí yóò ṣe agbẹjọ́rò tí yóò gbé ẹjọ́ epo lọ sí ilé ẹjọ́, òun gan-an ni wọ́n ń ta rísílà fún. Ẹni tí ó bá ń jẹ èrè lórí ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń jẹ ẹ́ níyà.

Kí àwọn àlùfáà náà gbọ́ tiwọn

Bí orí ọmọ bá dàrú, ìyá rẹ̀ a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àlùfáà. Àlùfáà a kọ tírà sórí tákàdá, a ká a kéré, a fi awọ wé e, a sì gba owó. Bí ìyá náà bá jáde, ó lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tí ó wà níwájú ilé àlùfáà ni ọmọ ti ra rísílà. Ìwé wíwé kan ni ó da orí ọmọ rú, ìwé wíwé mìíràn ni wọ́n gbé fún un pé kí ó fi wo ara rẹ̀ sàn. Èyí kì í ṣe ẹ̀sìn. Ọmọ tí igbó ti mú ní ìṣòro tí àwọn oníṣègùn ń tọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta wà fún irú rẹ̀. Àdúrà tọ́, sùúrù tọ́, ìwòsàn náà tọ́. Tírà kò tọ́, bẹ́ẹ̀ ni èébú kò tọ́, nítorí pé ẹni tí wọ́n lé kúrò ní mọ́sáláṣí, ibi tí wọ́n ti ń wé igbó ni yóò fi ṣe mọ́sáláṣí.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Kí gbogbo oníṣọ́ọ̀bù mùsùlùmí ní Igbókòdá, Aráròmí àti gbogbo etí omi kó rísílà kúrò lórí àtẹ wọn. Èrè rẹ̀ kò tó nǹkan; okùn àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìwé àwọn ọmọ iléèwé yóò dí àyè rẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ kọ̀ láti gbé e, kí ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni ṣáná nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kí àwọn ìmáàmù sọ ọ̀rọ̀ náà nínú khutubà, kí wọ́n bá ẹni tí ń tà wí kí wọ́n tó bá ọmọ tí ń rà wí. Kí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ka ìwé náà mọ́ tábà, kí wọ́n sì kọ títà á fún ọmọdé, bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti mùsùlùmí nìkan. Àwọn onígbàgbọ́ tí ó pọ̀ jù ní etí omi náà ní ọmọ, èéfín kì í sì í béèrè ẹ̀sìn kí ó tó wọ ilé.

Ẹni tí ó bá ṣì ń wí pé ìwé lásán ni, kí ó mú ẹyọ kan nínú rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ó gbé e fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, kí ó sì sọ fún un pé, «Gbà, ìwé lásán ni.» Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ̀ láti nà án, ọwọ́ náà ti jẹ́rìí takò ó.

Kí Ọlọ́hun bùkún òwò àwọn tí ó fi í sílẹ̀ nítorí Rẹ̀, kí Ó dá làákàyè àwọn ọmọ tí ó ti ṣìnà padà, kí Ó sì ṣọ́ àwọn tí ń bẹ lórí omi. Àmín.